Òde l'Ékìtì, ọdún ìlú, kámpọ́ọ̀sì, àìsùn àbí Lágòós: níbo ni kó o ti lọ gbọ́ orin ojúkorojú?

Kí Dìsẹ́ńbà tó wọlé báyìí lẹ ó ti máa rí i, pósítà á ti kún ògiri Adó-Èkìtì níbí, láti Òkèṣà dé Ajílóṣun, ẹnìkan á ní ká jọ lọ Lágòós, ẹlòmíì á ní olórin kan ń bọ̀ ní EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ wa, ìyá ẹnìkan náà á sì ti kú ní Ìjerò tí wọ́n ti gba bándì gidi sílẹ̀ de ìsìnkú ẹ̀, owó ọwọ́ èèyàn ò sì lè ká gbogbo ẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé èwo ni kí àwọn lọ, torí wọ́n mọ̀ pé tí mo bá ti gbọ́ gángan ẹsẹ̀ mi kì í gbélé. Ohun tí èmi náà máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, ṣé o fẹ́ lọ wo olórin ni, àbí o fẹ́ kí olórin rí ìwọ náà? Ibẹ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ti pín. Owó, ọ̀nà, oúnjẹ, ẹ̀yìn ẹ̀ ni gbogbo ìyẹn ń tò sí.

Àwọn tí mo fẹ́ kó síwájú yín rèé. Òde tiwa níbí, ìyẹn ìsìnkú, ìgbéyàwó, oyè jíjẹ, tí bándì jùjú tàbí fújì bá wà lábẹ́ kánópì. Ọdún ìlú bíi Ùdìrókò ní Adó tàbí Ọlọ́sunta ní Ìkẹ́rẹ́. Ṣóò àwọn ọmọ yunifásítì ní EKSU àti FUOYE. Àìsùn orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà Lágòós, tí òun fúnra ẹ̀ tún pín sí oríṣiríṣi. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní mi ò ka hòtẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń ṣe bándì lálẹ́ Fráídè ní Adó, ó dáa, màá débẹ̀.

Owó ẹnu ọ̀nà kọ́ ló ń pa èèyàn

Tíkẹ́ẹ̀tì lojú èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ sí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ó dáadáa. Òde ò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Wàá kàn wọlé, wọ́n á gbé iyán tàbí ìrẹsì síwájú ẹ, wàá mu omi inú ike, nígbà míì wọ́n tún lè fún ẹ ní ike ìṣanwọ́ tàbí táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ orúkọ olóògbé sí. Ó jọ ọ̀fẹ́ lójú. Aṣọ ẹbí wá ńkọ́? Fìlà tàbí gèlè tó bá a mu ńkọ́? Tí olórin bá sì pe orúkọ ẹ sórí máìkì níwájú àwọn àna ẹ, ṣé wàá jókòó máa wo ilẹ̀ ni? Owó ẹnu ọ̀nà òde nìyẹn, ọ̀kánkán bándì ni wọ́n ti ń gbà á.

Ẹ rántí pé owó ò ṣeé fọ́n bíi ti àtijọ́ mọ́ o. Òfin CBN ti 2007, abala 21, ló sọ ọ́, ẹni tó bá fọ́n náírà lóde tàbí tó jó lórí ẹ̀ lè lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí kó san ₦50,000 ó kéré tán, tàbí méjèèjì pọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú ìwé, àmọ́ látìgbà tí EFCC ti ń gbé àwọn gbajúmọ̀ lọ sí kóòtù ní 2024 lojú gbogbo wa ti là. Ní báyìí àpótí ni wọ́n ń gbé síwájú bándì, tàbí kí ẹ fi í sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, àwọn míì tiẹ̀ ń ka nọ́ńbà àkáǹtì wọn sórí máìkì láàárín orin, kí ìlù má sì dúró. Èmi ò bínú sí i. Ìgbà tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú olórin, ìdajì àkókò ẹ̀ ló fi ń nu òógùn.

Lágòós wá yàtọ̀ pátápátá. Èèyàn á rò pé tíkẹ́ẹ̀tì ló wọ́n, bẹ́ẹ̀ Lágòós kan náà ló ní ọ̀fẹ́ tó dáa jù. Ní New Afrika Shrine, Ìkẹjà, nígbà Felabration ní oṣù kẹwàá, ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ ìbí Fẹlá (15 oṣù kẹwàá) bọ́ sí, ọ̀pọ̀ alẹ́ ni wàá wọlé láìsan kọ́bọ̀. The Experience, èyí tí House on the Rock ti ń ṣe ní Tafawa Balewa Square láti 2006, ọ̀fẹ́ lòun náà, Fráídè àkọ́kọ́ nínú Dìsẹ́ńbà. Ti Island ló ń gbówó lérí, tí téèbù kan á máa wọ mílíọ̀nù, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi tìẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ o, olówó o, ẹni tó ti Adó lọ ṣì máa wọ mọ́tò lọ wọ mọ́tò bọ̀, ó máa sùn síbìkan, ó máa jẹun, ó tún máa gbé takisí láàárín òru tí dírẹ́bà á máa bu owó fún un bó ṣe wù ú. Tó o bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan tó ń gbé ní ìtòsí Ìkẹjà, lọ Shrine, owó ẹ ò ní dùn ẹ́. Tó ò bá ní, jẹ́ n bá ẹ sòótọ́, owó ìrìn àjò yẹn lè ra aṣọ ẹbí méjì.

Ṣé bándì ni àbí CD?

Èyí ló yẹ kó o bèèrè kó o tó bèèrè nǹkan míì. Ṣóò kámpọ́ọ̀sì, mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ẹ̀. Olórin á wá, á pẹ́, á gba máìkì, wọ́n á fi orin ẹ̀ sí i látorí kọ̀ǹpútà DJ, ohùn inú ẹ̀rọ á máa kọrin, òun náà á máa pariwo "ẹ gbọ́wọ́ yín sókè" lé e lórí. Tó bá ti kọ mẹ́rin, ó ti wọ mọ́tò. Àwọn ọmọ ń gbádùn ẹ̀ ṣá o, wọ́n mọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà, àwọn gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́, tó bá jẹ́ pé ọmọ ogún ọdún lo jẹ́ tó o sì fẹ́ wà láàárín ẹgbẹ́ ẹ, kò sóhun tó burú, lọ. Àmọ́ má sọ fún mi pé o lọ gbọ́ orin.

Òde lábẹ́ kánópì ni nǹkan wà. Bándì jùjú tó pé, gítà méjì tàbí mẹ́ta ló máa ní, ọ̀kan ń tẹ orin, ọ̀kan ń wọ́ ọ bọ̀ lábẹ́, kíbọ́ọ̀dù, dírọ́ọ̀mù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, àwọn agberin tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, lẹ́yìn náà àwọn onígángan níwájú. I.K. Dairo ló gbé àkọ́díọ́ọ̀nù wọ inú jùjú, Sunny Adé wá gbé gítà tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ fi irin wọ́ lórí wọ inú ẹ̀, èyí tó máa ń ké bí ẹni ń sunkún yẹn. Fújì ní tiẹ̀ ò ní gítà níbẹ̀rẹ̀ rárá, inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn èèyàn sáàrì nígbà ààwẹ̀ ló ti jáde, Àyìndé Barrister ló sọ ọ́ ní fújì, sákárà àti gángan ló gbé e dúró. Nítorí ẹ̀ tó bá jẹ́ ijó tó ń mú èèyàn gbọn èjìká lo fẹ́, fújì. Tó bá jẹ́ ijó tí àgbàlagbà lè jó láti aago méjì ọ̀sán títí oòrùn á fi wọ̀ láìrẹ̀ ẹ́, jùjú ni, jàre.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí ni bí orin òde ṣe gùn tó. Lórí sitéèjì Lágòós orin kan, ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó tán, òmíì. Lóde, orin kan lè jẹ wákàtí kan odidi, á ti inú orin kan bọ́ sínú òmíì tí o ò ní mọ ibi tó ti yà, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ìlù dákẹ́ nígbà tí ìyá ọlọ́jà ṣì ń jó bọ̀ láti ẹ̀yìn kánópì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é sínú rẹ́kọ́ọ̀dù láyé ìgbà yẹn, ojú kan odidi, orin kan ṣoṣo tí ò dúró. Ìgbà tí Island Records gbé Sunny Adé lọ sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní 1982 ni wọ́n gé àwọn orin náà kéékèèké kó lè wọ rédíò wọn. Ẹni tó bá ti gbọ́ èyí tó gùn ní ojúkorojú, kékeré yẹn ò lè yó o.

Sáúndì ni àléébù òde, mi ò ní purọ́. Ẹni tó ń ṣe sáúndì l'Ékìtì mọ ọ̀nà kan ṣoṣo, òkè ló mọ̀. Tó o bá jókòó níwájú spíkà, básì á máa gún ẹ láyà bí ọmọ odó, ohùn olórin ò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹ. Jẹnẹrétọ̀ tún lè kú lójijì. Àmọ́ ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá kú gan-an ni kó o sún mọ́ wọn! Gítà á dákẹ́, kíbọ́ọ̀dù á dákẹ́, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn ènìyàn lásán ló máa kù, wọn ò ní dúró, àwọn agberin á ju ohùn sókè, gbogbo kánópì á wá di agberin. Kò sí gbọ̀ngàn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á ti jẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀. Ní gbọ̀ngàn ńlá Lágòós, sáúndì mọ́ kedere, wàá gbọ́ gítà lọ́tọ̀, fèrè lọ́tọ̀, Shrine pàápàá tí fèrè bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà irun ọrùn ẹ á dìde. Lórí ká gbọ́ ohùn kó mọ́, Lágòós borí. Mo gbà.

Orin tó ń dá ẹ lóhùn

Àmọ́ ibi tí mo dúró sí nìyí o. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nínú bándì kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin kan wà tí kì í lu nǹkan kan, tí kì í kọrin, ìwé kékeré àti bírò ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Á máa rìn láàárín téèbù, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ létí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ yín? Ọmọ ìlú wo? Kí ni ẹ jẹ́ sí màmá?" O lè sọ fún un pé ọmọ Àrámọkọ ni ẹ́, pé ìyàwó ẹ ń tajà ní Adó, pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò, ìwọ lo mọ èyí tó o fẹ́ kí ayé gbọ́. Á kọ ọ́, á ká ìwé náà, á lọ fi sí ẹsẹ̀ olórin. Olórin á wò ó lójú kan bíi pé kò rí i, á kọrin lọ díẹ̀ síi, kó tó kan ẹ o ti gbàgbé, àfi bó o bá gbọ́ tí orúkọ ẹ jáde, orúkọ ìlú ẹ tẹ̀lé e, àwọn agberin gbà á, onígángan sì ti dìde kúrò níwájú, ó ń bọ̀.

Mo rí i ní ìsìnkú kan lọ́nà Ìjerò, onígángan yìí, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, ó dúró níwájú bàbá kan tí wọ́n gbé jókòó sórí àga ọlọ́wọ́, bàbá náà ò lè dìde mọ́, ọ̀pá wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Onílù ò lù ú rárá ní kíá. Ó kọ́kọ́ fún ọsán ìlù mọ́ ìhà, ó fi ọ̀pá ìlù kan awọ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn… bàbá gbójú sókè. Ó wá bẹ̀rẹ̀ oríkì ìdílé bàbá náà lórí ìlù, gbogbo ẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀ dé orí ẹ̀, bàbá sì ń fi ẹnu dá a lóhùn, ìlù sọ ọ̀kan, bàbá sọ èkejì, kò sí máìkì lọ́dọ̀ wọn, àwa tá a wà ní téèbù yẹn nìkan la gbọ́. Orí bàbá nìkan ló ń jó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ ohun tí ìlù ń sọ, fóònù ni wọ́n dì mú tí wọ́n ń ya fídíò. Ta ni mo fẹ́ san owó téèbù mílíọ̀nù fún kó ṣe ìyẹn fún mi?

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Olórin tó ń bọ̀ láti Lágòós á kọ Yorùbá tàbí òyìnbó tí gbogbo ayé gbọ́, ó dáa. Lóde wa, tí àwọn onílé bá ti dé orí ìdúró, wàá gbọ́ èdè Èkìtì gan-an nínú orin, irú èyí tí Ẹlẹ́múre Ògúnyẹmí fi kọrin tí àwọn bàbá wa fi ń gbé àwo rẹ̀ kiri, àwọn ìyá náà á sì da alámọ̀, orin àwọn obìnrin Èkìtì, bolẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Olórin tó bá gbọ́n á dákẹ́, á ní kí ìlù rọra máa tẹ̀lé wọn. Èyí tí ò gbọ́n á gbé máìkì sókè. Ibi tí mo ti ń mọ bándì tó dáa nìyẹn.

Ọdún ìlú, ẹ̀gbọ́n òde ló jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ùdìrókò ní oṣù kẹjọ, ní ààfin Èwí, ọba Adó, ìlù á máa kí àwọn ìjòyè bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá gbọ́ ìlù á mọ ẹni tó ń bọ̀ kó tó rí i. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni ìlù ń bá sọ̀rọ̀, ọba àti ìjòyè ni, ìwọ ń wò ni, oòrùn sì lè pa ẹ́ tàbí kí òjò oṣù kẹjọ rọ̀ ẹ́ tán. Fún ẹni tó bá mú àlejò láti ìlú òkèèrè wá, ọdún ìlú ni mo máa ní kó mú un lọ. Fún ẹni tó fẹ́ jó títí bàtà ẹ á fi já, rárá.

Àìsùn ṣọ́ọ̀ṣì wá wà láàárín méjèèjì. Orin tí wọ́n ń kọ níbẹ̀, jùjú náà ni lára ẹ̀, ìlù kan náà, ijó kan náà, orúkọ tí wọ́n ń kì ló yàtọ̀. A ò sì lè sọ ọ́ ká má dárúkọ Yínká Ayéfẹ́lẹ́, ọmọ Ìpótì-Èkìtì, ẹni tí jàǹbá mọ́tò dá sórí kẹ̀kẹ́ arọ ní 1997, tó wá gbé túńgbá àwọn onígbàgbọ́ dé gbogbo òde àríyá, tí oníkẹ̀kẹ́ fi ń mú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ jó. Àǹfààní àìsùn ni pé kò sẹ́ni tó ń wo àpò ẹ àfi nígbà ọrẹ, kò sí ọtí, obìnrin lè dá wá láìsí wàhálà, ọmọdé lè sùn sórí ẹní lẹ́yìn. Àléébù ẹ̀, ìwàásù lè wọ inú orin nígbà tí ijó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Ìyẹn ò ní dùn mọ́ gbogbo èèyàn, èmi máa ń fi ìgbà yẹn jáde lọ ra ẹ̀pà.

Ọ̀nà àti òru

Kí n má pẹ́ níbí. Ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà Àrámọkọ sí Ìtàwùrẹ́ sí Iléṣà náà, ẹ mọ òun náà. Ní àsìkò tá a wà yìí mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó rin ìrìn òru nítorí orin, olórin kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ. Lágòós, àwọn olórin ńlá lè má gun sitéèjì títí aago mẹ́ta òru, ìyẹn túmọ̀ sí pé o máa sùn níbẹ̀, o ò ní tètè jí, ọjọ́ kejì ti lọ nìyẹn, ẹni tó bá níṣẹ́ Mọ́ńdè kó rò ó. Òde l'Ékìtì ní tiẹ̀, ọ̀pọ̀ ti di ọ̀sán báyìí, aago mẹ́fà tàbí méje ìrọ̀lẹ́ bándì ti ń ká wáyà, àìsùn òkú tí wọ́n fi ń mọ́jú láyé ọjọ́un ti dínkù gan-an.

Hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ní màá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ibi tó dáa ni tó o bá fẹ́ orin láìwọ aṣọ ẹbí. Bándì kékeré, èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún, orin Obey àtijọ́, háíláìfù díẹ̀, ẹja yíyan, o lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ èyí tó o fẹ́. Wọ́n á rí ẹ dáadáa torí ẹ ò pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ onígángan kì í sábà sí, ẹni tó ń lu dírọ́ọ̀mù sì máa ń wo aago.

Tó bá jẹ́ ìwọ àti àfẹ́sọ́nà, tẹ́ ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ jó díẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì. Tó bá jẹ́ pé látọjọ́ tó o ti ń gbọ́ olórin kan lórí fóònù o ò tíì rí i rí, tó jẹ́ pé òun gan-an lo fẹ́ rí kì í ṣe orin lásán, má fetí sí mi, fi owó pamọ́ láti ìsinsìnyí, lọ Lágòós, jókòó sí rẹ́gúlà, kó o sì bá ẹni tó o máa sùn sọ́dọ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀ kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn obìnrin tó fẹ́ dá lọ, àìsùn. Gbogbo ẹ̀yin yòókù, òde ni mò ń pè yín sí, kódà tí ẹ ò bá mọ olóògbé, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kó mú yín dání, kò sẹ́ni tí wọ́n ń lé l'Ékìtì. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn onígángan, kì í ṣe ọ̀kánkán spíkà, téèbù kejì tàbí ìkẹta, ẹ má lọ sẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Ẹ fi owó kéékèèké sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù mẹ́ta mẹ́rin láti ilé. Tí ọlọ́wọ́ ìwé bá dé, ẹ sọ orúkọ yín ní kíkún, ẹ sọ ìlú ìyá yín pẹ̀lú, torí onílù tó bá mọ oríkì ti ìyá yín ju ti bàbá yín lọ, ibẹ̀ ló máa gbà.

Kẹ́ ẹ sì tó wọ mọ́tò, ẹ pe ẹni tó nì'nàwó. Ẹ má kàn bi í pé ṣé orin máa wà o, torí á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi í pé bándì wo ló ń bọ̀, onígángan mélòó ni wọ́n ń mú bọ̀, torí ìnáwó tó pọ̀ báyìí ti di DJ nìkan, tí wọ́n á sì ti gba owó aṣọ lọ́wọ́ yín tán.